Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Ló Gbé Ayàwòrán Jáde Síta

Ní ilé àkójọ àwòrán National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán kékeré kan wà tí Claude Monet kùn ní etíkun Trouville, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1870. Obìnrin méjì ló jókòó sínú rẹ̀ tí agboòrùn ṣíji bò wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀dà àwòrán náà wò fínnífínní, wọ́n bá hóró iyanrìn nínú rẹ̀: afẹ́fẹ́ etíkun ló fẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ní 2017, ilé àkójọ Nelson-Atkins ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, kéde pé tata kékeré kan há sínú ọ̀dà àwòrán igi ólífì tí Vincent van Gogh kùn ní 1889. Òótọ́ ni àwọn èèyàn yìí jáde síta nígbà náà. Wọn ò jókòó sílé kí wọ́n máa finú rò bí òkun ṣe rí. Ṣùgbọ́n iyanrìn àti tata kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìran yẹn ni ilé kò gbà mọ́? Kí ló sọ iṣẹ́ tó ti wà lábẹ́ òrùlé láti ayébáyé di ohun adùn létí omi àti nínú ọgbà òdòdó? Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé ìfẹ́ ohun tí Ọlọ́run dá ló pè wọ́n jáde, àti pé àwọn ọ̀dọ́ ló ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn àgbà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, kò kàn tó ni. Bí a bá tọ pinpin ìtàn náà, a ó rí i pé adùn yìí ní àwọn tó ṣe é: àwọn tó pèsè ọ̀dà, àwọn tó tẹ́ ojú irin, àwọn tó kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó gbẹ́ adágún. A kì í rí wọn nínú àwòrán, ṣùgbọ́n àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún ayàwòrán.

Kí ìran Monet tó dé, inú yàrá iṣẹ́ ni ọ̀dà ń gbé. Wọ́n ní láti lọ èròjà àwọ̀ lórí òkúta, kí wọ́n fi òróró pò ó títí yóò fi kúnná. Ìyẹn ń gba àkókò, ó sì ń gba agbára. Inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀dà tí wọ́n bá ti pò sí, wọ́n á fi okùn dì í lẹ́nu. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á lu àpò náà, wọ́n á fún ọ̀dà díẹ̀ jáde, wọ́n á sì wá nǹkan dí ihò rẹ̀. Àpò yìí a máa bẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀dà inú rẹ̀ a sì máa gbẹ. Òfin àwọn àgbà tún wà níbẹ̀. Lójú àwọn aláṣẹ iṣẹ́ ọnà ní Paris, àwòrán igbó àti odò lásán kò níyì. Ó gbọ́dọ̀ ní ìtàn àwọn akọni Gíríìkì tàbí Róòmù nínú. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bùn pàtàkì lélẹ̀ fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 1816, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n máa fún èèyàn, abẹ́ òrùlé sì ni àwọn olùdíje ti ń kùn ún. Igi tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò kò sí níwájú ẹni tó ń kùn ún.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níhìn-ín, kó ní: ṣebí àwọn kan ti ń kùn níta tipẹ́ kí ọ̀dà inú tíúbù tó dé? Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì gba ìdáhùn gidi. Pierre-Henri de Valenciennes ti ń kùn òfuurufú àti òrùlé ilé ní Róòmù láàárín ọdún 1780 sí 1789. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1800, ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n má lò ju wákàtí méjì lọ nídìí àwòrán kan níta, kó má sì ju ìdajì wákàtí lọ bó bá jẹ́ ìgbà tí oòrùn ń yọ tàbí tó ń wọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ kò ní dúró dè wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Constable kùn ìkùukùu ní Hampstead ní 1821 àti 1822, ó sì ń kọ ọjọ́, wákàtí àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà ṣe. Orí bébà kékeré ni wọ́n sábà máa ń kùn ún sí, wọ́n á kó o pa mọ́ fún ìlò ara wọn. Iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé ń rí, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwòrán Constable tí wọ́n ń pè ní The Hay Wain, èyí tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Paris ní 1824, yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kùn ún, láti inú àwọn àwòrán kékeré tó ti ṣe létí odò. Nítorí náà, ìran Monet kọ́ ló kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì jáde. Ohun tó yí padà ni pé ìta di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ojúlówó iṣẹ́, èyí tí wọ́n á fi orúkọ sí, tí wọ́n á sì tà. Ìyípadà yìí ni tíúbù dá sí.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, John Goffe Rand, tóun náà jẹ́ ayàwòrán, ló gba ìwé àṣẹ lórí tíúbù ọ̀dà ní 1841. Páànù fẹ́lẹ́ tó ṣeé fún lọ́wọ́ ló fi ṣe é, kò sì pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Winsor & Newton fi ń ta ọ̀dà inú rẹ̀. Ọ̀dà inú tíúbù kì í tètè gbẹ, kì í bẹ́ lójú ọ̀nà, èèyàn sì lè kó oríṣi àwọ̀ mẹ́wàá sínú àpótí kan ṣoṣo. Láàárín àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń mú àwọ̀ tuntun jáde. Thénard ti ṣe búlúù kóbáltì ní 1802. Guimet rí ọ̀nà ṣe búlúù olówó gọbọi tí wọ́n ti ń lọ láti ara òkúta ilẹ̀ Afgánístáànì, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Guignet gba ìwé àṣẹ lórí àwọ̀ ewé tuntun ní 1859. Kí ayàwòrán tó lè kùn odò bó ṣe ń dán nínú oòrùn, ẹnì kan ti ní láti se àwọ̀ odò náà nínú ìkòkò. Renoir, ayàwòrán tó wà nínú ìran Monet, mọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀: ọmọ rẹ̀ Jean jẹ́rìí pé bàbá òun gbà pé bí kò bá sí tíúbù, irú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe kì bá ti wáyé. Ìyà wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọ̀ funfun tí wọ́n ń lò jù, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é, májèlé rẹ̀ sì ba ara ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́, títí ìjọba Faransé fi ṣòfin ní 1909 láti dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró nínú iṣẹ́ kíkun ilé. Ìkùukùu funfun tó ń tù wá lójú nínú àwọn àwòrán yẹn, àwọn kan ti san gbèsè rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ayàwòrán.

Bí ọ̀dà bá ṣeé gbé, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ọkọ̀ ojú irin dé Rouen ní 1843, ó dé Le Havre ní 1847, ó dé Fontainebleau ní 1849, ó sì dé Argenteuil ní 1851. Ẹni tó ń gbé Paris lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kó sì padà wá sùn sílé. Argenteuil, níbi tí Monet gbé láti ìparí 1871 di ìbẹ̀rẹ̀ 1878, kò tó ìdajì wákàtí sí Paris nínú ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ńlá ti ń wá wa ọkọ̀ ojú omi fún ìgbádùn lọ́jọ́ Ìsinmi, torí náà àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń fi í háyà ti wà nílẹ̀ kí ayàwòrán tó dé. La Grenouillère, tí Monet àti Renoir jọ kùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1869, ilé oúnjẹ àti ibi ìwẹ̀ tó léfòó lórí odò Seine ni, ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Charles-François Daubigny ti rí ọgbọ́n tó wà nínú kíkun àwòrán láti orí omi ṣáájú wọn: ní 1857 ó sọ ọkọ̀ ojú omi kan di yàrá iṣẹ́, ó pè é ní Botin, ó sì ń fi rìn lórí Oise àti Seine. Monet wò ó ṣe. Ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ ní Argenteuil, Édouard Manet sì kùn ún nínú ọkọ̀ náà ní 1874. Nínú ọkọ̀, ojú ayàwòrán kò ga ju omi lọ púpọ̀, òjìji igi àti ilé ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi gba ìdajì àwòrán tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìgbà náà. Ọwọ́ káfíńtà wà nínú ìran tí wọ́n rí.

A lè ní: ọ̀dà àti ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n igbó, odò àti òdòdó ńkọ́? Ṣé ọwọ́ èèyàn ló tún ṣe ìyẹn ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Igbó Fontainebleau tí Théodore Rousseau àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barbizon kùn bí ẹni pé ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ rí, jagunjagun tó ti fẹ̀yìn tì kan, Denecourt, ti la ọ̀nà sínú rẹ̀, ó ń fi ọ̀dà sàmì sí igi àti òkúta káwọn àlejò má baà sọnù, ó sì tẹ ìwé atọ́nà jáde. Nígbà tí iṣẹ́ gígé igi fẹ́ run ibi tí wọ́n ń kùn, Rousseau bẹ ìjọba. Ní 1861 àṣẹ jáde pé kí wọ́n dá ilẹ̀ tó lé ní 1,000 hẹ́kítà sí nítorí iṣẹ́ ọnà. Ní 1891, Monet ń kùn ọ̀wọ́ igi pọ́pílà létí odò Epte, ní Limetz, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ pinnu láti tà wọ́n. Ó bá oníṣòwò pákó kan dúnàádúrà, ó sì fi owó sí i kí àwọn igi náà lè wà lórí ìdúró títí òun yóò fi parí. Igi tó dà bí ẹni pé ó kàn wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ló dá a dúró.

Giverny ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Monet háyà ilé níbẹ̀ ní 1883, ó rà á ní 1890, ó sì ra ilẹ̀ àbàtà tó wà ní òdìkejì ojú irin ní 1893. Ó fẹ́ ya omi láti ara odò tó wà nítòsí sínú adágún tó fẹ́ gbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò kọ̀: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ewéko àjèjì tó fẹ́ gbìn yóò ba omi tí màlúù wọn ń mu jẹ́. Monet kọ̀wé sí aláṣẹ ẹkùn Eure, àṣẹ sì wá nígbẹ̀yìn. Òṣíbàtà aláwọ̀ pupa àti ìyeyè tó gbìn síbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí odò Faransé. Funfun ni tìyẹn. Latour-Marliac, olùtọ́jú òdòdó ní Temple-sur-Lot, ló ṣe ìdàpọ̀ irú wọn, tó sì kó wọn wá sí àfihàn àgbáyé ní Paris ní 1889. Monet gbẹ́ adágún náà fẹ̀ sí i ní 1901. Ó gba àwọn olùtọ́jú ọgbà bíi mẹ́fà síṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ni kó máa wa ọkọ̀ kékeré lórí omi, kó máa fọ eruku kúrò lára ewé òṣíbàtà, kó sì tò wọ́n bí ọ̀gá ṣe fẹ́. Nígbà tí eruku títì pọ̀ jù, Monet náwó sí kíkun títì náà ní ọ̀dà dúdú. Nínú ọgbà yìí ló ti kùn àwòrán òṣíbàtà tó tó 250. Ẹni tó bá ń wò wọ́n tó sì ń sọ pé Monet kàn fi ara rẹ̀ fún ohun tí Ọlọ́run dá, kò tíì rí ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré yẹn láàárọ̀ kùtù.

Ọgbà tún ní ìtàn mìíràn, ti àwọn obìnrin. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Paris kò gba obìnrin títí di 1897. Obìnrin tó wá láti ilé ọlọ́lá kò lè dá gbé àpótí ọ̀dà lọ sí bèbè odò láìsí ẹni tó tẹ̀ lé e. Berthe Morisot, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán Corot, tó sì bá àwọn Monet ṣe àfihàn wọn àkọ́kọ́ ní 1874, lo ọgbà gẹ́gẹ́ bí ìta tí kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun rẹ̀. Ní Bougival, láàárín 1881 sí 1884, ó kùn ọkọ àti ọmọ rẹ̀ láàárín òdòdó. Nígbà tó lọ sí Isle of Wight ní 1875, ó kùn etíkun láti inú ilé: ọkọ rẹ̀ jókòó lójú fèrèsé, ọgbà wà níwájú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń kọjá lẹ́yìn ọgbà. Àwòrán yẹn fi ààlà ìta hàn wá ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ adùn kíkun àwòrán níta, ó yẹ ká béèrè pé adùn ta ni. Ọkùnrin tó lówó ọkọ̀ ojú irin ní odò. Obìnrin ní ọgbà tó lógiri. Morisot kò sì jẹ́ kí ogiri náà ṣẹ́gun òun: iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kò rẹlẹ̀ sí ti ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà.

Àtakò tó le jù ló kù. Àwọn kan sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ kíkun níta. Monet sọ fún akọ̀ròyìn kan ní 1880 pé òun kò ní yàrá iṣẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ó ní in. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Rouen tó bẹ̀rẹ̀ ní 1892, ojú fèrèsé ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń kùn wọ́n, ó sì parí wọn sílé ní Giverny. Àwọn òṣíbàtà ńláńlá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní Orangerie ní Paris ní 1927, ilé ńlá tó kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló ti ṣe wọ́n. Degas, ọ̀rẹ́ wọn, kò tilẹ̀ gba ti ìta. Ó máa ń fi àwọn tó ń gbé kánfáàsì wọ igbó ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gba gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí, wọn kò sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tó parí iṣẹ́ sílé lè ti rí ohun tó ń parí níta, níta nìkan. Nígbà tí Monet ń kùn òkìtì pòròpórò ní 1890 àti 1891, ìmọ́lẹ̀ ń yí padà kíákíá débi pé ó ní kí Blanche, ọmọ ìyàwó rẹ̀, máa bá òun gbé kánfáàsì mìíràn wá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, oríṣi ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní kánfáàsì tirẹ̀. Lílé ìmọ́lẹ̀ tí kò dúró yìí gan-an ni adùn náà. Ó sì ní ewu: ní Étretat, ní oṣù kọkànlá 1885, Monet ṣi àkókò ìkún omi òkun rò, ìgbì gbé òun àti ohun èlò rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìyẹn kò jọ ìwà ẹni tó ń fi ìta pa irọ́.

Kí á má baà ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́: mi ò sọ pé tíúbù ló kùn àwòrán. Ọjà kan náà ni Degas ti ń ra ọ̀dà, tó sì jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Argenteuil tí wọn kò rí ju ẹja díndín lọ. Ẹ̀bùn ojú àti ọwọ́ wà, ẹni tó bá ní in ló ní in. Ṣùgbọ́n bí a bá yin Àyàn fún ìlù tó dùn, iyì rẹ̀ kò dín kù bí a bá rántí ẹni tó gbẹ́ igi àti ẹni tó ṣán awọ. Ní 1866, nígbà tí Monet fẹ́ kùn àwòrán obìnrin mẹ́rin nínú ọgbà, tó ga ju mítà méjì àbọ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ níta, wọ́n gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ kó lè máa sọ kánfáàsì náà kalẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ lè tó òkè rẹ̀. Àfihàn ńlá ìjọba kọ àwòrán yẹn ní 1867. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Frédéric Bazille rà á ní 2,500 fráńkì, ó sì ń san 50 lóṣooṣù kí Monet lè rí jẹ. Ní 1921 ìjọba Faransé san 200,000 fráńkì lórí rẹ̀. Kòtò, owó oṣooṣù ọ̀rẹ́, àti ìfaradà ẹni tó ń dúró kí wọ́n kùn ún: gbogbo rẹ̀ wà nínú àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ẹnì kan.

Ìdájọ́ mi ni pé àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe adùn yìí, mímọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ba adùn jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá dúró níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Paris tàbí lórí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ gbádùn omi àti òdòdó inú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè ta ló gbẹ́ adágún, ta ló se àwọ̀, ta ló gbé kánfáàsì. Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ Rand, Latour-Marliac àti Blanche Hoschedé máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Monet, torí ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.